Àlàfo Tí Ojú Kò Rí: Bí Kóòdù Ṣe Ń Gé Etí Ọ̀rọ̀, àti Ìdí Tí Iṣẹ́ Náà Kò Fi Rọrùn Tó Bí A Ṣe Rò

Bí ẹ bá kọ orúkọ náà "Adébáyọ̀" sínú fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú àlàfo kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, ojú ènìyàn kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìdí ni pé nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń kà, kì í ka ìrísí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àlàfo tí a fi bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù tẹ̀ náà sì ní tirẹ̀, èyí tí í ṣe 32. Nítorí náà, bí ètò kan bá ń wò ó bóyá orúkọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ bá èyí tó wà nípamọ́ mu, ohun tí yóò sọ ni pé wọn kò bára mu, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ọ̀wọ́ àmì tí a tò tẹ̀ lé ara wọn báyìí ni àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní string, gígé àlàfo kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ sì wà lára àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà. Ó dà bí ohun kékeré. Síbẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ó kà sí àlàfo, ohun tí ọ̀kan ń gé sì ni òmíràn ń fi sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àlàfo bẹ́ẹ̀. Kíbọọ̀dù orí fóònù ló sábà máa ń fi í kún un: bí ẹ bá tẹ lẹ́tà díẹ̀ nínú orúkọ yín, tí fóònù sì dábàá ìyókù, tí ẹ wá fọwọ́ kan àbá náà, fóònù yóò gbé odidi orúkọ náà kalẹ̀, yóò sì fi àlàfo tì í lẹ́yìn, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló kàn. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà àkáǹtì láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ lè fa àlàfo mọ́ ọn láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn. Ti fáìlì tún yàtọ̀. Bí ètò bá ń ka fáìlì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì tó fi òpin ìlà hàn sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ náà wọlé. Lórí Linux àti macOS, tí wọ́n jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, àmì kan ṣoṣo ni, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10. Lórí Windows, méjì ni, 13 àti 10 tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó ń gba iṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn lórí wáyà ni méjèèjì ti wá: àṣẹ kan ń dá orí ẹ̀rọ padà sí apá òsì, àṣẹ kejì sì ń sún bébà sókè ní ìlà kan. Ẹ̀rọ náà ti kógbá wọlé tipẹ́, àmọ́ àwọn àṣẹ rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì wa, ìdí sì nìyí tí àkójọ orúkọ ìlú tí wọ́n ṣe lórí Windows fi lè dé orí Linux kí 13 sì lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ kọ̀ọ̀kan, débi pé "Ìbàdàn" inú fáìlì kò ní bá "Ìbàdàn" inú kóòdù mu.

Àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ gígé yìí ń jẹ́ strip nínú èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python, trim nínú JavaScript àti PHP, àti TrimSpace nínú Go. Java ní trim àti strip lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì padà sórí ìyẹn. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ string, wọ́n á máa yọ àmì tó bá jẹ́ àlàfo kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dúró ní kété tí wọ́n bá kan àmì àkọ́kọ́ tí kì í ṣe àlàfo; lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ sí ìparí, wọ́n á tún ṣe bákan náà láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bí ẹni tó gé orí àti ìdí iṣu ni, tí kò sì fọwọ́ kan àárín. Nítorí náà, "  Ifẹ̀  Òde " yóò di "Ifẹ̀  Òde", àlàfo méjì tó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì ní kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ti àárín di ẹyọ kan, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Nínú Python, " ".join(s.split()) ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un, s sì dúró fún string náà. Àṣẹ tún wà tó ń gé apá kan ṣoṣo: lstrip àti rstrip nínú Python, trimStart àti trimEnd nínú JavaScript láti ọdún 2019.

Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe jù lọ kò tilẹ̀ kan àlàfo fúnra rẹ̀. Nínú Python, Java àti JavaScript, a kò lè yí string padà lẹ́yìn tí a bá ti dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ oruko.strip(), Python yóò ṣe string tuntun tí kò ní àlàfo létí, yóò sì fà á lé yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ wà níbi tó wà pẹ̀lú gbogbo àlàfo rẹ̀. Bí ẹ kò bá fi nǹkan gba ti tuntun, bí ìgbà tí ẹ bá kọ oruko = oruko.strip(), yóò ṣègbé, ètò yóò sì máa bá ti àtijọ́ lọ. Ìkìlọ̀ kankan kò ní jáde, nítorí pé lójú Python, ẹ kò ṣẹ̀ sí òfin kankan.

Wàyí o, kí gan-an ni àlàfo? Nínú ASCII, ìlànà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, àmì mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ń kà sí àlàfo: 32, àti márùn-ún tó wà láti 9 dé 13, nínú èyí tí àmì tí bọ́tìnnì Tab ń tẹ̀ àti àwọn àmì òpin ìlà wà. Unicode, ìlànà tó ń fún gbogbo àmì ìkọ̀wé àgbáyé ní nọ́ńbà, ka àmì 25 sí àlàfo. Lára wọn ni àlàfo fífẹ̀ tí wọ́n ń lò nínú ìwé Ṣáínà àti Japan kí ó lè fẹ̀ tó àwọn àmì ìkọ̀wé wọn, nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode sì ni U+3000. Òmíràn ni U+00A0, èyí tí í ṣe 160 bí a bá kà á bí a ṣe ń ka owó, òun sì ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù.

Wọ́n ṣe 160 kí ọ̀rọ̀ méjì tí kò yẹ kí ìlà pín lè máa wà pọ̀, kí "Ọ̀gbẹ́ni" má baà gbẹ̀yìn ìlà kan kí orúkọ tó tẹ̀ lé e sì bọ́ sí ìlà kejì. Nínú Microsoft Word, bọ́tìnnì Ctrl, Shift àti àlàfo tí a tẹ̀ pọ̀ ló ń gbé e jáde; nínú HTML tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì,   ni wọ́n ń kọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe ojú ewé sì ń lò ó fún ohun mìíràn, ìyẹn ni láti ti ọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, nítorí pé bí ènìyàn bá tẹ àlàfo lásán márùn-ún tẹ̀ lé ara wọn nínú HTML, ẹyọ kan péré ni ojú ewé yóò fi hàn. Ẹni tó bá wá ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ láti orí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ yóò kó 160 dání láìmọ̀, kò sì yàtọ̀ sí 32 lójú rárá.

Python mọ 160, strip rẹ̀ sì ń gé e. JavaScript náà ń gé e. Java ni kò gé e, ìtàn rẹ̀ sì yẹ fún sísọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Java, trim ń gé gbogbo àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 32 lọ, láìbéèrè bóyá àlàfo ni tàbí kì í ṣe àlàfo. Ohunkóhun tó bá ju 32 lọ, kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2018, Java 11 mú strip wá, èyí tó ń tẹ̀ lé Unicode, tó sì ń gé U+3000 tí trim ń fi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìyẹn yóò rò pé ọ̀rọ̀ 160 ti parí, ṣùgbọ́n kò parí: ohun tí Java fi ń mọ àlàfo yọ àwọn àlàfo tí kì í jẹ́ kí ìlà pín sílẹ̀ ní pàtó, nítorí náà trim kò gé 160, strip kò sì gé e. Lójú tèmi, Java ṣi ohun tí a ń wá níhìn-ín gbọ́. Òótọ́ ni pé 160 kò gbọdọ̀ pín ìlà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé etí ọ̀rọ̀ kò bìkítà nípa ibi tí ìlà ń pín sí.

Àwọn méjì mìíràn tún wà tí kò tilẹ̀ ní ìwọ̀n kankan lójú. U+200B jẹ́ àmì tó ń sọ ibi tí ìlà lè pín sí nínú ọ̀rọ̀ láìfi àyè kankan hàn. Unicode kò kà á mọ́ àlàfo 25 yẹn, nítorí náà strip Python kò fọwọ́ kàn án, trim JavaScript náà kò fọwọ́ kàn án. Èkejì ni U+FEFF, tí àwọn ètò kan lórí Windows máa ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì láti fi hàn pé UTF-8, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tọ́jú nọ́ńbà Unicode sínú fáìlì, ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ẹ bá fi Excel tọ́jú àkójọ sí irú CSV (fáìlì lásán tí kọ́mà pín òpó rẹ̀) tó ń jẹ́ CSV UTF-8, òun ló máa wà níwájú pátápátá, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ àkọlé òpó àkọ́kọ́. Ètò yín yóò máa wá òpó "Oruko", kò sì ní rí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin ń wò ó lójú kòròkòrò. JavaScript ń gé U+FEFF, Python kì í gé e; nínú Python, kí ẹ ṣí fáìlì náà pẹ̀lú encoding="utf-8-sig" ló dára jù.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ Excel, ó yẹ kí àwọn tó ń fi í ṣe àkọsílẹ̀ owó tàbí àkójọ orúkọ ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé TRIM tirẹ̀ kò bá ti àwọn èdè kọ̀ǹpútà mu. Ó ń gé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ó sì tún ń sọ ọ̀pọ̀ àlàfo tó wà ní àárín di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n 32 nìkan ló mọ̀. Bí VLOOKUP, àṣẹ Excel tó ń wá nǹkan nínú àkójọ, bá ń gbé #N/A (ìyẹn ni pé kò rí i) jáde fún orúkọ tó wà níbẹ̀ kedere, tí TRIM kò sì yanjú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ 160, èyí tí =TRIM(SUBSTITUTE(A1,UNICHAR(160)," ")) yóò kọ́kọ́ sọ di àlàfo lásán kí ó tó gé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Yorùbá gan-an ni PHP. Trim ti PHP kò mọ lẹ́tà, báìtì, ìyẹn ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà, ló mọ̀. Nínú UTF-8, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán gba báìtì kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ gba ju ẹyọ kan lọ. 160 gba méjì, C2 àti A0. Ẹni tó bá rí i pé trim kò gé 160 kúrò máa ń kọ trim($s, "\xC2\xA0"), tí yóò sì gbà pé òun ti sọ fún PHP pé kí ó gé àmì kan. Ohun tí PHP gbọ́ ni pé kí ó gé báìtì C2 àti báìtì A0 níbikíbi tó bá ti bá wọn létí, yálà wọ́n wà pọ̀ tàbí wọ́n wà lọ́tọ̀. Ẹ wá wo lẹ́tà "à": báìtì rẹ̀ ni C3 àti A0. Ọ̀rọ̀ bíi "ọjà" tàbí "ìlà", tó fi "à" parí, yóò wọlé ní odindi, yóò sì jáde láìní A0. C3 nìkan ni yóò kù, kò sì dúró fún lẹ́tà kankan, ìdí nìyẹn tí aṣàwákiri yóò fi gbé àmì ìbéèrè inú dáyámọ́ńdì dúdú síbẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù náà lè dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ̀rún ìgbà kí ó má rí àléébù kankan. Ọ̀rọ̀ tó ń parí pẹ̀lú "à" sì pọ̀ nínú èdè wa. PHP 8.4, tó jáde ní ọdún 2024, ti mú mb_trim wá, èyí tó mọ lẹ́tà, tó sì ń gé 160. Níbi tí PHP bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ, preg_replace pẹ̀lú àmì u lẹ́yìn ìlànà rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Àṣìṣe tó fara jọ ìyẹn wà nínú Python, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti báìtì. Bí ẹ bá fi nǹkan sínú àkámọ́ strip, Python yóò kà á sí àkójọ àmì tí yóò máa gé, kò ní kà á sí odidi ọ̀rọ̀. Ká ní ẹ fẹ́ yọ oyè kúrò níwájú orúkọ, tí ẹ wá kọ "Oloye Oyelola".lstrip("Oloye "). Ìrètí yín ni pé "Oyelola" ni yóò kù. Ohun tí yóò kù ni "a". Python ń gé O, l, o, y, e àti àlàfo níbikíbi tó bá ti bá wọn níwájú, kò sì rí àmì tí kò sí nínú àkójọ yẹn títí ó fi dé lẹ́tà tó kẹ́yìn. Bákan náà ni "report.txt".rstrip(".txt") yóò fún yín ní "repor". Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń bọ́ sí i: "Oloye Adewale" yóò di "Adewale" láìsí wàhálà, nítorí A ńlá kò sí nínú àkójọ, kóòdù náà yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí Oyèlọlá yóò fi dé. Python 3.9, tó jáde ní ọdún 2020, mú removeprefix àti removesuffix wá fún iṣẹ́ yìí gan-an, àwọn ni wọ́n sì ń yọ odidi ọ̀rọ̀.

Ti àkójọ dátà kò gùn. TRIM inú SQL, èdè tí wọ́n fi ń bá àkójọ dátà sọ̀rọ̀, yálà nínú ètò àkójọ dátà MySQL tàbí PostgreSQL, ń gé 32 nìkan bí ẹ kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Àmì òpin ìlà yóò wà níbẹ̀. MySQL tún ní tirẹ̀: pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìlànà ìfiwéra rẹ̀ àtijọ́, kì í ka àlàfo ẹ̀yìn, nítorí náà "Ade" àti "Ade " dọ́gba, ṣùgbọ́n pẹ̀lú èyí tí ẹ̀yà 8.0 ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn, wọn kò dọ́gba mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá kó láti ẹ̀yà àtijọ́ sí ti tuntun lè bá àwọn oníbàárà tí kò lè wọlé mọ́ pàdé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí kóòdù padà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọlé ló yẹ ní gígé. Nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, àlàfo lè jẹ́ ara ohun tí ẹni náà yàn. Bí ẹ bá gé e nígbà ìforúkọsílẹ̀, tí ẹ kò sì gé e nígbà ìwọlé, ẹ ti ti onítọ̀hún síta. Nínú kóòdù Python fúnra rẹ̀, àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń sọ ohun tó wà lábẹ́ ohun mìíràn. Àwọn fáìlì kan wà tí ààyè lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ òpó, bóyá lẹ́tà kìíní dé ìkẹwàá fún nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó bá gé àlàfo iwájú ìlà kan níbẹ̀ ti sún gbogbo òpó sósì. Ṣùgbọ́n orúkọ, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù, kí ẹ gé wọn ní kété tí wọ́n bá wọlé, kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣófo. Required inú HTML, èyí tó ń sọ pé àyè kan kò gbọdọ̀ ṣófo, yóò gba fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan fi àlàfo mẹ́ta péré kún, nítorí àlàfo mẹ́ta kì í ṣe òfo lójú rẹ̀; JavaScript tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Number("   "), àṣẹ tó ń sọ string di nọ́ńbà, yóò fún yín ní 0, bí ẹni pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló kọ òdo.

Gígé kò sì ní tún gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bára mu ṣe, pàápàá ní Yorùbá. "Ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode: ènìyàn lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí "Ọ" tí àmì ohùn tẹ̀ lé, tàbí "Ò" tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé, tàbí "O" tí méjèèjì tẹ̀ lé, ìrísí wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí etí bá ti mọ́ tí orúkọ kò sì tíì bára mu, unicodedata.normalize("NFC", s) nínú Python, èyí tó ń sọ gbogbo wọn di ìkọ̀wé kan náà, ló kàn.

Láti mọ ohun tó wà létí string gan-an, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé print, àṣẹ Python tó ń gbé ọ̀rọ̀ hàn lójú, lásán. Ẹ kọ́kọ́ fi len wo gígùn rẹ̀. Bí "Ade" bá ń sọ pé mẹ́rin ni òun, nǹkan kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ print(repr(s)), Python yóò sì gbé àwọn àmì tí ojú kò rí jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tó dúró fún wọn: 'Ade\xa0' fún 160, 'Ade\u200b' fún èyí tí kò ní ìwọ̀n, 'Ade\r\n' fún òpin ìlà Windows. Bí ó bá jẹ́ èyí tí strip kò mọ̀, ẹ lè dárúkọ rẹ̀ nínú àkámọ́, ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá ti fi nǹkan síbẹ̀, strip kò ní wo àkójọ àlàfo tirẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ àwọn tó wọ́pọ̀ mọ́ ọn: s.strip(" \t\r\n\u00a0\u200b\ufeff").